Bí Olúgbódi Oníka-mẹ́fà Ṣe Gba Òṣé Màmá Àwẹ̀ró Padà Lọ́wọ́ Àwọn Ará Ilé Gíláàsì

Ẹ ká ẹsẹ̀ kò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ nà án sójú ọ̀nà! Ẹni tó ń jẹun kó gbé òkèlè dúró, ẹni tó ń sùn kó fi ojú kan sùn, nítorí akọni ń kọjá, kì í sì í ṣe akọni tó gbé idà o, akọni tó gbé fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ni. Olúgbódi Ìṣọ̀lá ni mò ń wí. Olúgbódi Oníka-mẹ́fà, ẹni tí Elédùmarè ka ìka fún tán tó tún fi ọ̀kan ṣe èènì. Ọmọ bíbí Òkehò, ìlú tó fi àpáta ṣe ìrọ̀rí, tó fi àpáta ṣe ògiri, tó tún fi èyí tó kù ṣe ibi tí wọ́n ń sá gbodo sí. Àrọ́mọdọ́mọ Akínṣọlá Asín-kárá-ọ̀nà-dúró, baba ńlá tó sín lọ́jọ́ ọjà kan, tí àwọn aláta rò pé àrá ló sán, tí wọ́n palẹ̀ ata mọ́, tí wọ́n sì sá wọlé. Ọmọ-ọmọ Láníyan Ahanrun-bí-ẹ̀rọ-ata, tó ń sùn nínú yàrá tí àwọn àkùkọ àdúgbò ń dá a lóhùn. Ẹlòmíì jogún oko, ẹlòmíì jogún oyè. Ariwo ni wọ́n jogún nílé tiwọn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Mo rí i pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Rín in tán, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Àwọn kan ṣẹ́gun ìlú, wọ́n gbé orin lé e. Àwọn kan pa ẹkùn, wọ́n fi awọ rẹ̀ jókòó. Olúgbódi tiwa lọ bá àwọn alágbára wọ̀yá ìjà nítorí òṣé kan ṣoṣo, òṣé tí kò gùn ju kéèyàn mí sínú kó mí síta lọ, ó sì gbà á bọ̀ wálé. Bí o bá rò pé ohun kékeré ni, ó jẹ́ pé o ò tí ì gbọ́ òṣé náà ni.

Màmá Àwẹ̀ró ló ni òṣé. Òun ló bí bàbá tó bí Olúgbódi, òun náà ló tọ́ ọ dàgbà, tó fi ẹ̀kọ bọ́ ọ láàárọ̀ tó sì fi ọ̀rọ̀ bọ́ ọ lálẹ́. Nígbà tí Màmá ṣì lágbára, ó fi eyín pa ẹ̀kùrọ́ kan tó le ju orí olórí-kunkun lọ, eyín iwájú kan bá ibẹ̀ lọ, Ọlọ́run sì fi àlàfo ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bí Màmá bá fẹ́ pòṣé, á bẹ̀rẹ̀ ní ṣìììì, bí omi tó ta sí agbada gbígbóná. Á fà á gba ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ bí ẹni tó ń fa okùn kànga. Nígbà tí o bá sì rò pé ó ti parí, tó o fẹ́ máa lọ sílé rẹ, súfèé tín-ín-rín kan á yọ láti inú àlàfo eyín náà: fíìn! Ṣìììọ̀ọ̀-fíìn! Fíìn yẹn ló ń pani. Ẹni tó bá rí ṣìììọ̀ọ̀ gbà mọ́ra, fíìn ni yóò dá a dùbúlẹ̀. Ajá tó bá gbọ́ ọ á ká ìrù sábẹ́, àlejò á tún aṣọ ara rẹ̀ wò, ọlọ́pàá kan tiẹ̀ gbọ́ ọ rí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ má bínú, òun ṣì ilé ni.

Báyìí ni òṣé ṣe wọnú fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, Màmá sá gbodo sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, iṣu tó ti gé, tó ti bọ̀, tó ń retí kó gbẹ kó lè lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́. Ó pe Olúgbódi, ó ní, "Ojú ẹ lara gbodo yìí o. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò yìí ò lẹ́kọ̀ọ́."

Olúgbódi ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ló bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan, ó tan fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa gba ohùn ẹyẹ, nítorí géèmù kan tó ń ṣe lọ́wọ́, èyí tó pè ní Ṣọ́ Gbodo. Nínú géèmù náà, gbodo wà lórí àpáta, ewúrẹ́ ń yọ láti ibi gbogbo, ẹni tó ń gbá a á sì máa fi ìka lé wọn. Ẹ bá mi wo nǹkan: ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ gbodo ń ṣe géèmù tí wọ́n ti ń ṣọ́ gbodo, gbodo gan-an wà níwájú rẹ̀, kò ṣọ́ ọ! Àwọn ewúrẹ́ dé, wọ́n kí ara wọn, wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Màmá jáde. Ó wo ewúrẹ́, ó wo gbodo, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì tú òṣé tó tíì dára jù sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń pòṣé. Olúgbódi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ fóònù ti gbé òṣé mì.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ kó tún un gbọ́, irun orí rẹ̀ dìde. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí géèmù òun ń wá nìyẹn: bí ewúrẹ́ bá ti jẹ gbodo ẹni tán, tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, òṣé Màmá ni kó máa dún. Ó gbé e lọ fún Màmá, kó lè tọrọ àyè. Màmá gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ọ, ó mi orí bí àgbà oníṣẹ́ ọnà tó rí iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n pa o," ni Màmá wí. "Ọmọ ta ni?"

Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn débi pé ó dárí ji àwọn ewúrẹ́ lọ́jọ́ náà.

Géèmù wá gbilẹ̀. Wọ́n ń gbá a l'Ókehò, wọ́n ń gbá a n'Ílọrin, àwọn ọmọ wa tó wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ń fi ìbọ̀wọ́ gbá a. Bí òṣé bá dún ní báǹkì, bó dún láàárín ìwàásù, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ á mọ̀ pé ewúrẹ́ ti ṣe ẹnì kan níjàǹbá, ẹni náà á sì ké, kò ní mọ ìgbà tó ké e, pé, "Yéè! Wọ́n ti jẹ gbodo mi!" Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ké e níbi gbogbo nìyẹn. Àwọn èèyàn wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá kí wọ́n lè rí ẹnu tó ń ṣe é, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ pa á ká gbọ́. Màmá kì í pa á lásán. "Ẹ lọ dẹ́ṣẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá," ni yóò sọ fún wọn.

Ẹ sì mọ bí eèrà ṣe ń gbúròó ṣúgà. Ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan wà l'Ékòó, n kò ní dárúkọ wọn nítorí ẹnu mi níyì. Kìkì gíláàsì ni ilé wọn, nítorí náà Ará Ilé Gíláàsì la ó máa pè wọ́n. Wọ́n ṣe géèmù bọ́ọ̀lù kan. Bí ẹni tó ń gbá a bá gbá bọ́ọ̀lù lọ sójú ọ̀run, kí lẹ rò pé ó ń dún? Ṣìììọ̀ọ̀-fíìn! Pẹ̀lú fíìn o! Wọn ò tiẹ̀ tijú kí wọ́n yọ fíìn kúrò. Olè tó jí ewúrẹ́, tó tún fi okùn ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ọjà rí i!

Oníṣòwò èlùbọ́ kan wá láti Ìbàdàn, ó ná gbodo Màmá ní ìnákúnàá, Màmá sì dá a lóhùn bó ti yẹ. Kàkà kí obìnrin náà káàánú ara rẹ̀, ẹ̀rín ló bú sí. "Háà, Màmá! Ẹ̀yin náà ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù! Òṣé inú ẹ̀ lẹ fara wé yìí, ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe o!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá lára. Òun, Àwẹ̀ró, tó ti ń pòṣé kí wọ́n tó bí ìyá obìnrin yẹn, ni wọ́n ní ó ń fara wé òṣé ẹlòmíì. Ó wọlé, ó jókòó, ó ní, "Bí òṣé bá ti di ti àwọn ará Èkó, n ò pa á mọ́. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí lólè lọ́jọ́ ogbó."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò pòṣé mọ́. Ewúrẹ́ jẹ gbodo, ó ní, "Ebi ló ń pa wọ́n." Aládùúgbò gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ kò dá a padà, ó ní, "Wọ́n ń lò ó ni." Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó dun Olúgbódi wọ egungun, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Òṣé yẹn ló fi mọ ohun tó dáa yàtọ̀ sí ohun tí kò dáa láti ìgbà tó ti ń rá. Ọjọ́ tí kò gbọ́ ọ mọ́, ó dà bí ẹni tí aago ilé rẹ̀ dúró. Ó wo bí Màmá ṣe jókòó síbẹ̀ tí ìwà pẹ̀lẹ́ ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní tòun tìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn ò ní gbà.

Ó gba Ìsẹ́yìn lọ, ó lọ bá Lọ́yà Mojírayọ̀, obìnrin kúkurú tí ohùn rẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Mojírayọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó fọwọ́ lu tábìlì. "Níbi púpọ̀ láyé, ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ti ń gba ohùn gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ lò, bí wọ́n ṣe ń gba àwòrán. Ohun tí wọ́n kàn máa bi wá ni pé, ẹni tó bá gbọ́ ọ, ṣé ó mọ ilé tó ti jáde? Ṣé o mọ ẹni tó ń kiri mọ́ínmọ́ín ládùúgbò yín? O ò tí ì rí igbá orí ẹ̀ tó o ti mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Ohun tá a máa lọ fi hàn wọ́n nìyẹn."

Wọ́n gbé òṣé lọ síwájú ìjọba pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Olúgbódi. Àwọn Ará Ilé Gíláàsì gbọ́, wọ́n ní àwọn ò fara mọ́ ọn. Ìjọba wá dá ọjọ́ fún tọ̀tún-tòsì n'Íbàdàn.

Ẹ wá wo ìmúra ogun! Olúgbódi wọ agbádá bàbá rẹ̀, èyí tó tóbi débi pé òun àti atẹ́gùn jọ wà nínú rẹ̀. Ó ki fóònù bọ àpò kan, ó ki ohun tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù bọ èkejì, ó na ìka kẹfà síwájú bí asíá. Màmá Àwẹ̀ró ró òfì tó ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ó we gèlè, ó jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ fi joyè. Ibí yìí gan-an ni akọni ti ṣe àṣìṣe, irú èyí tí gbogbo wa máa ń ṣe bá a bá ń mú ìyá wa lọ síta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún un. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ńlá là ń lọ o. Ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín." Màmá ní òun ti gbọ́. Kí wọ́n tó dé Ìbàdàn, ó ti tún un kìlọ̀ títí Màmá fi ń rẹ́rìn-ín sí igi ẹ̀bá ọ̀nà.

Ìyáàfin Mákànjúọlá ni ìjọba yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, obìnrin tó fi gíláàsì ojú há ṣóńṣó imú, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Lọ́yà Dúródọlá ló dìde fún Ará Ilé Gíláàsì. Ọkùnrin gíga ni, bàtà rẹ̀ ń dán débi téèyàn lè fá irùngbọ̀n nínú rẹ̀.

"Ìyáàfin, òṣé ni òṣé ń jẹ́," ni Dúródọlá wí. "Ìyá mi ń pa á, ìyá yín ń pa á. Bá a bá gbé òṣé lé ẹnì kan lọ́wọ́ lónìí, lọ́la ẹlòmíì á wá forúkọ ìsín sílẹ̀, ọ̀tunla ẹnì kan á ní òun ló ni ìhanrun!"

Olúgbódi rántí Asín-kárá-ọ̀nà-dúró, ó rántí Ahanrun-bí-ẹ̀rọ-ata, ó sì rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé ìyẹn náà ò burú.

Mojírayọ̀ dìde. Àwọn fèrèsé gbọ̀n díẹ̀. Ó ní, "A ò bèèrè gbogbo òṣé ilẹ̀ Yorùbá. Kálukú máa pa tiẹ̀ nílé ẹ̀. Èyí tó ní fíìn nìdí nìkan la ń wí, inú géèmù nìkan la sì ti ń wí i."

"Fíìn yẹn gan-an!" Dúródọlá fò sókè. "Ẹnu èèyàn kan ò lè ṣe é. Ẹ̀rọ ló ṣe é. Ohun tí ẹ̀rọ bá sì ṣe l'Ókehò, ẹ̀rọ lè ṣe irú ẹ̀ l'Ékòó!"

Ìyáàfin Mákànjúọlá bọ́ gíláàsì ojú. Ó kọjú sí Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ bá wa pa á ká gbọ́. Bí ẹnu yín bá lè ṣe é, tẹ́ni tó gbọ́ ọ sì mọ ibi tó ti wá, màá fọwọ́ sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òṣé ti di ti gbogbo ayé nìyẹn, ẹni tó bá wù á kó máa lò ó."

Gbogbo ojú yí sí Màmá Àwẹ̀ró. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wò yíká yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ta ló ṣẹ̀ mí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ogun ti gbóná! Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ Màmá. Nígbà tó wọlé, Ìyáàfin Mákànjúọlá fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ kí i. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá tìmùtìmù fún un, wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù kí òtútù má bàa mú un lórúnkún, gbogbo wa tá a tẹ̀ lé wọn lọ sì ń làágùn nítorí orúnkún Màmá. Ibi tí wọ́n bá ti ń kí àgbà báyìí, ọ̀nà wo lèèyàn fẹ́ gbà bínú níbẹ̀?

Mojírayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ Màmá létí. "Màmá, wọ́n ní èlùbọ́ ìlú kejì dáa ju tiyín lọ o."

"Àwọn náà ń gbìyànjú," ni Màmá wí.

Olúgbódi gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú rẹ̀, ìwà tí kò hù rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Màmá ní, "Sinmi dáadáa, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ó wá yọ ohun ìjà tó kẹ́yìn jáde, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé nílé, ìdajì rẹ̀ tó láti mú òṣé mọ́kànlá wá. Ó ní, "Màmá, n ò ní fẹ́yàwó láyé mi."

Màmá fọwọ́ pa á lórí. "Àsìkò Ọlọ́run ló dáa jù, ọmọ mi."

Òógùn bo akọni. Ó ti wá yé e pé òun fúnra òun ló kọ́ Màmá ní ìwà tó fẹ́ pa àwọn. Ìyáàfin Mákànjúọlá wo aago ara ògiri, ó ní bá a bá fi lè dìde lọ jẹun ọ̀sán láìgbọ́ òṣé, òun á dá ẹjọ́ lórí ohun tó wà níwájú òun. Olúgbódi wo Màmá, ó ń rí i bó ṣe máa jókòó sórí àpáta l'Ókehò, tí yóò máa rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́ títí ọjọ́ ikú. Lọ́yà Dúródọlá ní tirẹ̀ ò tiẹ̀ wo ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti tẹ orí ba, ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tábìlì, ètè rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́, a rò pé ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀fun Màmá gbẹ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú omi yẹn."

Omi inú ike wà níwájú Dúródọlá, òun ló sún mọ́ ọn jù. Kò gbé orí sókè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń ṣe ohun kan níbẹ̀ tí kò ṣeé dá dúró. Ló bá fi ọwọ́ òsì gbé omi, ó nà án sí Màmá Àwẹ̀ró.

Ọwọ́ òsì! Mo ní ọwọ́ òsì! Sí ìyá tó bí bàbá! Láìwo ojú rẹ̀! Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo ẹni tó ni ín. Ó gbàgbé ìkìlọ̀, ó gbàgbé ìpinnu, ó gbàgbé Ìbàdàn àti àwọn èèyàn ńlá inú rẹ̀, gbogbo òṣé tó ti kó pa mọ́ láti ọjọ́ oníṣòwò èlùbọ́ sì rọ́ wá sẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ṣìììììììọ̀ọ̀ọ̀ọ̀-fíìììn!"

Gíláàsì ojú bọ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Mákànjúọlá. Lọ́yà Dúródọlá fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta, ó da ọwọ́ méjèèjì lé orí, fóònù já bọ́ láti abẹ́ tábìlì, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké pé, "Yéè! Wọ́n ti jẹ gbodo mi!"

Kò tí ì pa ẹnu dé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi gbà á. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn akọ̀wé yàrá kejì, àwọn tó wá rí ọ̀gá tí wọn ò tí ì rí i, wọ́n ké e lóhùn kan pé, "Wọ́n ti jẹ gbodo o!" Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ bọ́ọ̀lù. Gbogbo wa wá wo ilẹ̀. Fóònù Dúródọlá dojú sókè níbẹ̀, Ṣọ́ Gbodo ló ń gbá, ó ti pa ohùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Gbodo inú rẹ̀ pé síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ò tí ì fẹnu kan ẹyọ kan.

Ìyáàfin Mákànjúọlá mú gíláàsì ojú nílẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà há ṣóńṣó imú. Ó rọra sọ ọ́.

"Lọ́yà Dúródọlá. Gbodo ta ni wọ́n jẹ?"

Dúródọlá mú fóònù rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Ìyáàfin... ìwádìí ẹjọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò wá mọ bí mo ṣe lè dá a dúró."

"Ẹ ò ké pé bọ́ọ̀lù yín lọ sójú ọ̀run," ni obìnrin náà wí, ó sì fa bírò. Kí ó tó kọ nǹkan kan, ó bi Màmá léèrè, nítorí ọmọlúàbí ni. "Màmá, ẹnu yín ni òṣé wà lóòótọ́. Ṣé ẹ fún ọmọ yín yìí pé kó jẹ́ tiẹ̀ nínú géèmù?"

Màmá yí ojú sí Olúgbódi. Ó wo agbádá tó ń gbé e mì, ó wo òógùn ojú rẹ̀. "Òun ni mo torí ẹ̀ pa á," ni Màmá Àwẹ̀ró wí. "Ta ni n óò tún fún?"

Olúgbódi fi etí agbádá nu ojú, ó ní òógùn ni. Òógùn kọ́! Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú: òṣé ìyá àgbà, tó bẹ̀rẹ̀ bí omi lórí agbada, tó fi súfèé eyín parí, nínú géèmù, ti Olúgbódi Ìṣọ̀lá ni, kò sì gbọdọ̀ dún nínú géèmù ẹlòmíì láìtọrọ àyè. Lọ́yà Dúródọlá dọ̀bálẹ̀ fún Màmá tòun ti bàtà dídán, ó ní wọn kò bí òun ní ìbíkúbìí, ọkàn òun ló wà lọ́dọ̀ ewúrẹ́. Màmá ní kó dìde. Ó wá tẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ibo lo gbá géèmù náà dé?"

"Ibi tí òjò ti ń rọ̀ ni, Màmá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń borí mi."

"Ibẹ̀ ò le. Kó gbodo kí ìkùukùu tó ṣú. Ìwọ ń dúró dìgbà tó bá ṣú."

Nítorí náà, ẹ̀yin òkè ẹ gbọ́, ẹ̀yin pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ gbọ́, ẹ̀yin ilé gíláàsì níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ da aṣọ bo ojú fèrèsé yín! Ogun ti parí, ìkógun sì ti dé. Ọjọ́ tí ìwé ìjọba tẹ Olúgbódi lọ́wọ́, ó tún wọ agbádá, ó gun orí àpáta ẹ̀yìnkùlé, àdúgbò pé jọ yí àpáta ká. Màmá ń wọ ilé lọ láti tún gèlè we. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Olúgbódi, ojú ẹ lara gbodo o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ó gbé ìwé sókè fún oòrùn láti kà. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, Òkehò! Láti òní lọ, èmi Olúgbódi, ọmọ Asín-kárá-ọ̀nà-dúró, ọmọ Ahanrun-bí-ẹ̀rọ-ata, mo kéde pé ní gbogbo ilẹ̀ tí fóònù bá ti ń tàn, nínú gbogbo géèmù tí ìka bá ti ń tẹ̀, títí kan èyí tí wọn ò tí ì ṣe..." Ìkéde náà gùn, ó sì dùn létí, àfi pé gbodo wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ò sì wá gbọ́ ìkéde. Wọ́n kí ara wọn. Wọ́n jókòó ti oúnjẹ.

Màmá jáde. Ó wo ewúrẹ́, ó wo gbodo, ó wo akọni nínú agbádá.

"Ṣìììọ̀ọ̀-fíìn!"

Àdúgbò gbé e láti ilé dé ilé, "Wọ́n ti jẹ gbodo o!" Olúgbódi Ìṣọ̀lá, Oníka-mẹ́fà, aṣẹ́gun Ará Ilé Gíláàsì, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta tòun tìwé ìjọba, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Màmá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pa."